Kí Ni Ẹ Ní Nínú Ilé? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nípa Gbèsè, Àníyàn àti Ìgbàgbọ́

Inú ìjọ kan ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó kàn ti fún wa láṣẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. A kò dárúkọ rẹ̀, a kò dárúkọ ìjọ náà, a sì ti pa nǹkan díẹ̀ dà kí ẹnikẹ́ni má baà tọpasẹ̀ rẹ̀. Ìyá Aláró ni a óò máa pè é. Àwọn tí mo ń kọ ọ́ fún ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìbẹ̀wò àti ìdámọ̀ràn nínú ìjọ: àlùfáà, ìyá ìjọ, olórí ẹgbẹ́, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹnikẹ́ni tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí nígbà tí omi bá ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìyá Aláró ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ìtòkú ló ti ń tajà, ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ adìrẹ. Ó mọ eléko tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ, ó mọ oníko tí wọ́n ń fi okùn so, ṣùgbọ́n kámpálà ló ń mówó wọlé. Yóò yọ́ àbẹ́là nínú ìkòkò kékeré, yóò ki fóòmù tí wọ́n ti gé ní ọnà bọ̀ ọ́, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra tẹ́rù, ìyẹn aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró, yóò rì í sínú aró tó fi kọ́sítíìkì pò, yóò sì wá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè jáde kúrò lára aṣọ. Aró kì í tán ní èékánná rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá gbé gèlè wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, láti Láfẹ́ńwá ló ti ń ná Èkó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúró: apá ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni owó ilé ti di ti obìnrin nìkan. Ní ọdún 2023 tí náírà já wálẹ̀, owó tẹ́rù àti kẹ́míkà gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣọ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ń wọlé, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ wá owó. Ó lọ yá 250,000 náírà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan, irú èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-lantan. Yóò máa san 12,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, èyí tó jẹ́ 300,000. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ sísan. Àwọn obìnrin tó jọ yáwó ló dúró fún ara wọn; bí ẹnì kan kò bá mú tirẹ̀ wá, gbogbo wọn ni yóò jókòó síbẹ̀ títí owó yóò fi pé.

Díẹ̀ nínú owó náà bá ọjà lọ, ìyókù bá ìtọ́jú ọkọ lọ. Kò tíì san án dé ìdajì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibòmíràn yá owó san án. Lórí fóònù ló ti yá owó kejì, 60,000, lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú wọn. Kò sọ fún ọkọ. Kò sọ fún ọmọ. Káàdì owó ọjọ́ Ajé wà nínú Bíbélì rẹ̀, láàárín Sáàmù, torí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ṣí ibẹ̀ nílé.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un nínú ìjọ ni àdúrà. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe lọ. Ìyá Aláró lọ bá alàgbà kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní oorun kò wá mọ́, àyà òun ń já lóru. Alàgbà náà gbọ́ ìyẹn, kò béèrè ohun tó ń já a láyà. Ó ní, “Ìyá, ẹ gbé e fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń ṣàníyàn kò tíì gbàgbọ́.” Ó fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti ẹsẹ Bíbélì kan, Fílípì 4:6: “Ẹ má ṣe àníyàn ohunkóhun.”

Ìyá Aláró gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀: pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀rù tó ń ba òun, pé òun kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn. Látìgbà náà ló ti ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní kí oníkálukú kọ ẹ̀bẹ̀ sínú ìwé, “ìtẹ̀síwájú” ló ń kọ. Ẹ̀rí kan sì tún gorí rẹ̀. Arákùnrin kan jẹ́rìí pé òun da oògùn nù, Ọlọ́run sì wo òun sàn. Ìyá Aláró ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Owó oògùn ti ń ni í lára tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí yìí wá jẹ́ kí ó rí ìdí ìgbàgbọ́ fún ohun tí àìlówó ti fẹ́ mú un ṣe. Ó dá oògùn náà dúró. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ yẹn láti orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde lẹ́yìn ẹ̀rí náà láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fà á kúrò nídìí iná. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, 190/110 ló jẹ́. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ lórí oògùn. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló wà tí àwọn ayánilówó orí fóònù fi fọ́n ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni, ó kó owó sá lọ. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí i. Akọrin rí i gbà, olórí ẹgbẹ́ rí i gbà, àlùfáà pàápàá rí i gbà.

Ìtìjú náà pọ̀. Ìyá Aláró sọ fún wa lẹ́yìn náà pé lọ́jọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ fẹ́ kí òun má jí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má fi àdúrà kúkúrú pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti ro bí yóò ṣe pa ara rẹ̀ lára, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ sí i. Ọpẹ́ ni pé ó rí ẹni jókòó tì í.

Ìjọ kò dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìgbà tó padà wálé, wọ́n gbé agbọ̀n yípo fún un, owó náà sì jẹ́ 45,000. Wọ́n pè é síwájú, wọ́n kó o lé e lọ́wọ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀ kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí owó náà fi tán sínú sísan ọjọ́ Ajé, ìyá náà sì tún padà sí ibi tó wà, ìtìjú mìíràn tún ti kún un: pé gbogbo ìjọ ti ṣàánú òun, kò sì yẹ kí òun tún ṣí ẹnu mọ́. Ìdí tí ìrànwọ́ yìí kò fi dúró ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tó jẹ, ẹni tó jẹ, tàbí ohun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ délẹ̀ ni a ń tún ṣe.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà ni màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó wà nínú ẹgbẹ́ alábẹ̀wò wa. Àgbàlagbà ni, Ìyá Aláró ń pè é ní Màámi. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ni Màámi gbé wá. Ó dúró kí ó jẹun tán, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ka oògùn tó kù nínú páálí, ó sì ní kó lọ sùn. Òun jókòó ti bàbá nínú yàrá kejì. Ẹnì kan tó bá a lọ lọ́jọ́ náà ń yọjú wò ó pé nígbà wo ni a óò gbàdúrà. Màámi ní, “Èlíjà wà lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kí ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ ṣe fún un?” Àkàrà àti omi ló gbé fún un, ó sì jẹ́ kó tún sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bọ́ ọ kí ó tó rìn dé Hórébù níbi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Ọba Kìíní orí 19 ni. Ọ̀pọ̀ wa ti fi ibẹ̀ wàásù, ṣùgbọ́n Hórébù la máa ń sáré dé.

Nígbà tí Ìyá Aláró jí, ẹkún ló kọ́kọ́ sun, ó sì ń tọrọ àforíjì pé òun ń sunkún. Ó ní, “Màámi, mi ò ní ìgbàgbọ́.”

Màámi ní kó ṣí Sáàmù 13. Bí ó ti ṣí Bíbélì, káàdì ọjọ́ Ajé já bọ́ sílẹ̀. Màámi mú un, ó wò ó, ó dá a padà sí ibi tó ti já bọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó ní kó kàwé náà sókè. “Olúwa, ìwọ óò ti gbàgbé mi pẹ́ tó?” Ó kà á débẹ̀, ó dákẹ́, ó béèrè pé ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyìí. Màámi ní, “Dáfídì ló sọ ọ́, Ọlọ́run kò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé Rẹ̀. Ẹ sọ tiyín.” Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, n kò ní kọ ọ́. Ó gùn, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run ló sì ń bá sọ ọ́.

Ìgbà tó ṣe tán ni wọ́n wá ka Ọba Kejì 4, ìtàn opó tí olówó fẹ́ wá kó ọmọ rẹ̀ méjì lẹ́rú. Ìbéèrè kan wà tí Èlíṣà bi í tí a máa ń fò: kí ni ó ní nínú ilé? Màámi mú ìwé kíkọ kan, ó fa ìlà sí àárín ojú ewé, ó ní, “Ó dáa. Kí lẹ ní nínú ilé?” Ìyá Aláró ní òun kò ní nǹkan kan. Opó yẹn náà ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó tó rántí ìkòkò òróró.

Apá òsì ojú ewé ni wọ́n kọ gbèsè sí. Ọ̀sẹ̀ 11 ló kù ní ti ọjọ́ Ajé, 137,500. Ti orí fóònù ti di 84,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 221,500. Ìyá Aláró wò ó títí. Ó ní lóru, ọkàn òun a máa sọ pé ó ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Apá ọ̀tún ló gba àkókò. Ìdì tẹ́rù méjì wà tí kò tíì rì sí aró. Oníbàárà kan ní Èkó jẹ ẹ́ ní 38,000. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ jẹ ẹ́ ní 26,000. Ẹnu rẹ̀ wá wọlé. Màámi bi í bóyá ó tún kù. Ó ní ó kù, ṣùgbọ́n kí àwọn fi ìyẹn sílẹ̀. Màámi kò fi sílẹ̀. Ni ó bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin ìjọ wọ nígbà Ìkórè tó kọjá, òun ló ṣe é, 9,000 ní ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ti san. Àwọn mélòó kan san díẹ̀, àwọn mìíràn kò san kọ́bọ̀. 97,500 ló kù níta.

Nínú àwọn tó jẹ ẹ́ yìí, a rí èyí tó gbọ́wọ́ lé e lórí ní ìsọ́ òru. A rí èyí tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé 45,000 fún un. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ti gbàgbé ni, tàbí wọ́n rò pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn kò ní wàhálà owó. Gbogbo owó tó wà níta jẹ́ 161,500. Bí wọ́n bá san án, 60,000 péré ni yóò ṣẹ́kù nínú ohun tó ń gba oorun lójú rẹ̀, tẹ́rù méjì náà sì ṣì wà nílẹ̀.

Màámi gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ fún àlùfáà. Àlùfáà pe àwọn olórí ẹgbẹ́, kò dárúkọ ẹni kankan lórí pẹpẹ. Ìyá ìjọ wà lára àwọn tó jẹ gbèsè. Ó dìde nínú ìpàdé náà, ó ní òun jẹ 4,000, ó kà á sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà pé ohun tó ṣe yẹn ló ṣí ọ̀nà fún àwọn tó kù. Láàárín oṣù kan, ọ̀pọ̀ jù lọ owó náà ti wọlé. Obìnrin kan bínú, ó ní wọ́n dójú ti òun, ó kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sì tíì padà títí di ìsinsìnyí.

Ìyá Aláró mú ọmọ rẹ̀ àgbà dání lọ sí ọ́fíìsì ọjọ́ Ajé, ó ṣàlàyé, wọ́n sì gbà kí ó san ọ̀sẹ̀ mélòó kan pọ̀ kí ó sì sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ti àwọn orí fóònù, ó san owó tó yá àti èlé tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, ó gba ẹ̀rí sísan. A tún fi ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ wọn ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù láti ọdún 2022. Kí ẹ mọ èyí: olùyánilówó kò ní ẹ̀tọ́ láti máa pe ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ yín láti fi gbèsè dójú tì yín. Ìpè náà dáwọ́ dúró, n kò lè sọ bóyá ẹ̀sùn náà ni tàbí owó tí ó san.

Ìfúnpá rẹ̀ ti wá sí nǹkan bí 140/85 nígbà tí Màámi wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Bàbá kò tíì lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ṣíbí. A ń gbàdúrà fún un síbẹ̀, a sì ń gbé e lọ fún ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na iṣan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń bójú tó ènìyàn.

Ẹsẹ Bíbélì tí alàgbà fún un kò ní àṣìṣe kankan. Bó ṣe gé e ló burú. Fílípì 4:6 ń bá a lọ pé kí a máa fi ìbéèrè wa hàn fún Ọlọ́run nínú ohun gbogbo, nípa àdúrà àti ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí a ti kọ́ láti fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́, ìbéèrè wo ni yóò fi hàn? Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ sì wà nínú ìdè nígbà tó ń kọ ọ́. Ní orí kejì ìwé kan náà, ó sọ láìtijú pé bí Epafíródítù, ẹni tí àwọn ará Fílípì rán sí i, bá kú nínú àìsàn tó ṣe é, ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́ ni ì bá jẹ́ fún òun. Ní orí kẹrin náà, kò jìnnà sí “ẹ má ṣe àníyàn,” ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Fílípì fún owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó sì rántí pé ẹ̀ẹ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ nígbà tó wà ní Tẹsalóníkà. Ìjọ tó bá fẹ́ sọ fún ènìyàn pé kó má ṣàníyàn gbọ́dọ̀ ka orí náà dé ìsàlẹ̀.

Èkejì ni ti Élì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 1. Ó rí Hánà tó ń gbàdúrà, tí ètè rẹ̀ ń mì láìgbóhùn, ó ní ọtí ló mu. Àlùfáà gidi ni, inú ilé Olúwa ló jókòó sí, ó sì tún ṣi obìnrin náà mú, nítorí kò tíì béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà dáhùn, ó gbọ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀ sí ìbùkún. Màámi fẹ́ràn orúkọ Hánà yẹn, torí pé ó ní ìtàn ní ìlú wa. Ní Abẹ́òkúta ni Samuel Àjàyí Crowther ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti ya wọ́n. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí omijé ṣe ń ṣàn lójú ìyá náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ìjọ Kristi ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti mọ ẹkún láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì fún un níwájú wa.

Ní ti oògùn, mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ẹni tó bá dá oògùn rẹ̀ dúró lè máa rìn fún oṣù mélòó kan bí ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dé lójijì. Bí ẹnì kan bá jẹ́rìí pé òun da oògùn nù, ẹ dúpẹ́ fún ìlera rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sì sọ níbẹ̀, kí makirofóònù tó kúrò lọ́wọ́ yín, pé dókítà nìkan ló lè ní kí a dá oògùn dúró.

Kí ẹ tó gbé agbọ̀n yípo fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ jẹ ẹ́. Aránṣọ, alásè, onílù, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, aláró: àwọn wọ̀nyí ni ìjọ máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní àwìn, tí ìtìjú kì í sì jẹ́ kí wọ́n bi wá. Léfítíkù 19:13 ní kí owó alágbàṣe má sun ọ̀dọ̀ wa di òwúrọ̀. Ní ìjọ tí mo ń wí yìí, wọ́n ti yí ètò aṣọ ẹgbẹ́ padà. Akápò ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ oníkálukú kí wọ́n tó fún aláró níṣẹ́, ìdajì yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ kí ó lè fi ra tẹ́rù, ìdajì yóò sì pé lọ́jọ́ tó bá kó aṣọ dé. Ìyá Aláró ló tún ṣe aṣọ Ìkórè ọdún yìí.